Alágbára Má Mèrò: Ta Ló Mọ Ìjà Jù Nínú Àwọn Akọni Géèmù?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó lè da kíláàsì SS2 rú ju èsì ìdánwò lọ, ẹ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bí Kratos àti Ryu bá pàdé, ta ni yóò na ẹnìkejì?" Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹnì kan ti gun orí àga, ẹnì kan ti ń lu tábìlì, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ yóò sì ti di lọ́yà. Àríyànjiyàn yìí la fi ń jẹun ọ̀sán. A máa ń bá a dé ibùdókọ̀, a sì máa ń gbé e wọ ilé géèmù àdúgbò wa, níbi tí ọ̀gá ilé géèmù ti máa ń sọ pé kí ẹni tí kò bá ní ọgọ́rùn-ún náírà lọ́wọ́ jọ̀wọ́ lọ jiyàn níta.

Kratos ló sábà máa ń wọlé nínú ìdìbò wa. Wọ́n á ní ó pa òrìṣà. Wọ́n á ní ọwọ́ lásán ló fi fa orí Helios já, tó sì ń fi orí náà ṣe tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnì kan bá dárúkọ akọni mìíràn, wọ́n á béèrè pé, "Òrìṣà mélòó lòun pa?" Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ yóò ṣe parí.

Èmi kò gba ìdájọ́ yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: àwọn ẹgbẹ́ mi ń pe agbára ní ìmọ̀. Wọ́n rí ẹni tó lè wó ògiri, wọ́n ní ó mọ ìjà jà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti dá ẹjọ́ yìí kí wọ́n tó ṣe géèmù kankan: alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Ẹ lè béèrè pé kí ló kàn mí nínú ìjà àwọn tí kò sí láyé. Ó kàn mí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní sáà kejì. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ga, tó sì sígbọnlẹ̀. A máa ń pè é ní Kratos, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan, ní àkókò ìsinmi, ọmọ JSS1 kan tí wọ́n rán wá sí kíláàsì wa dúró gbọ́ àríyànjiyàn wa. Ó ní, "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, Ryu lè na Kratos, torí Ryu mọ ìjà." A bú sẹ́rìn-ín. Kratos tiwa béèrè pé ta ló bi í léèrè. Ọmọ náà tún un sọ. Kí á tó mọ̀, ìgbájú ti dún lójú rẹ̀, ìwé tó gbé lọ́wọ́ sì fọ́n ká ilẹ̀.

Kì í ṣe ìgbájú yẹn nìkan ló ń dùn mí títí dòní. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹnì kan pariwo "Kratos!", gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti rí i pé ìbéèrè tí a fi ń ṣeré kì í ṣe eré. Ohun tí a bá ń yìn lójú géèmù ni a óò máa pàtẹ́wọ́ fún nínú kíláàsì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á tún ẹjọ́ náà dá, kí á sì dá a bó ṣe yẹ.

Kí ni mímọ ìjà? Ẹ jẹ́ kí n mú un láti inú ìjàkadì ilẹ̀ wa. Nínú ìjàkadì, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni wọ́n dá. Bàbá mi àgbà, tó jà á nígbà èwe rẹ̀, sọ fún mi pé ẹni tó bá ń fi gbogbo ara ti ẹnìkejì bí àgbò kì í pẹ́ ṣubú. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ ọ́n jà yóò máa wo ẹsẹ̀ ẹnìkejì. Bí ẹnìkejì bá tì í, yóò yẹ̀, yóò fà á, agbára ẹni náà ni yóò sì fi dá a. Èyí ni pé ìgbà tí agbára bá dọ́gba, tàbí tí ti ẹnìkejì bá tilẹ̀ pọ̀ ju tirẹ lọ, ni a tó lè mọ̀ bóyá o mọ ìjà. Bí agbára rẹ bá ju ti gbogbo ayé lọ, a kò tíì mọ ohun tí o mọ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni n óò fi wọn àwọn akọni wọ̀nyí. Èkíní: ṣé ó kọ́ ìjà rẹ̀ ni, àbí wọ́n kàn fún un? Èkejì: bí ìjà bá dojú kọ ọ́, kí ló mọ̀ ọ́n ṣe yàtọ̀ sí kí ó máa lù? Ẹ̀kẹta: ṣé ó lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí Kratos. Géèmù God of War àkọ́kọ́ jáde ní 2005 fún PS2, èyí tó ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ilé géèmù wa. Ọmọ ogun Sparta ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ ni Kratos. Àwọn tó ń yìn ín máa ń gbàgbé bí ìtàn rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọba àwọn ọ̀tá ká a mọ́ lójú ogun, ó sì gbé òòlù sókè láti pa á. Kí ni Kratos ṣe? Ṣé ó yẹ̀ ni? Ṣé ó dá ọgbọ́n kan? Rárá o. Igbe ló ké sí Ares, òrìṣà ogun, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Ares ló pa àwọn ọ̀tá náà fún un, tó sì fún un ní idà méjì tí ẹ̀wọ̀n wọn jó mọ́ ọn lápá. Ọjọ́ tí Kratos jà láìní ẹ̀bùn òrìṣà lọ́wọ́, wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀ tán. Nígbà tó tún fẹ́ pa Ares fúnra rẹ̀, àfi ìgbà tó lọ ṣí àpótí Pandora láti gba agbára mìíràn. Ìbéèrè èkíní: ó gbòdo.

Ní ti ìbéèrè ẹ̀kẹta, ẹ̀rù ló yẹ kó bà wá. Agbára tí Ares fún un ni ó ń lò, tí kò wo ọ̀tún, tí kò wo òsì, títí ó fi pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ láìmọ̀. Eérú wọn ló lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tí awọ rẹ̀ fi funfun báyìí. Àwọn ẹgbẹ́ mi rí awọ náà, wọ́n ní ó rẹwà. Wọn kò rántí pé àmì àbámọ̀ ni.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń fi í jà lórí PS2. A ó tẹ square, a ó tún tẹ square, a ó wá tẹ triangle. Àbúrò ẹnìkan, ọmọ ọdún méje, tẹ bọ́tìnì mẹ́ta yìí fún wákàtí kan gbáko ní ilé géèmù wa, ó sì ń pa gbogbo ohun tó ń bọ̀. Ṣé ọmọ náà ti wá mọ ìjà ni?

Kí n má ba à ṣe èké, mo gbà pé Kratos inú God of War ti 2018 yàtọ̀. Ó ti dàgbà, ó ti kó lọ sí ilẹ̀ àwọn òrìṣà àríwá Yúróòpù, ó sì ń tọ́ ọmọ rẹ̀, Atreus. Ó gbé asà lọ́wọ́, ó ń fi í dí ohun tó ń bọ̀, ó sì ń kọ́ ọmọ náà pé kó má fi ìbínú jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: Kratos fúnra rẹ̀ ti kọ Kratos tí ẹ̀ ń yìn sílẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀yin kò lè kọ̀ ọ́?

Scorpion ni àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń fi ṣe igbákejì. Inú Mortal Kombat ti 1992 ló ti jáde. Ó sàn díẹ̀ ju Kratos àtijọ́, nítorí ó kọ́ ìjà nínú ẹgbẹ́ àwọn ninja Japan kí ó tó kú, kí ó sì tó fi iná ọ̀run àpáàdì padà wá. Ọ̀kọ̀ tó so mọ́ okùn, tó fi ń fa ẹni tí ó ń bá jà sọ́dọ̀, jẹ́ ọgbọ́n tòótọ́. Bí ó bá jù ú ní àkókò tó yẹ, ẹnìkejì yóò wá bá a tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Bí ó bá jù ú láìronú, tí ẹnìkejì dí i, Scorpion yóò dúró gbagada, wọn yóò sì lù ú bí aṣọ òfì. Nítorí náà, ó gba àròjinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹ̀kẹta gbé e ṣubú. Ẹ̀san nìkan ló ń lé. Ó pa Sub-Zero, ó rò pé ìdílé òun ti rí ẹ̀san gbà, ó sì wá hàn lẹ́yìn náà pé oṣó kan tó ń jẹ́ Quan Chi ló pa ìdílé náà. Ẹni tí ìbínú bá ń darí, ẹlòmíràn ló ń di páàdì rẹ̀ mú.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Ryu, ẹni tí ọmọ JSS1 yẹn dárúkọ. Ẹ wò ó dáadáa nínú Street Fighter II ti 1991: aṣọ funfun tó ti gbó, ẹsẹ̀ lásán, kò sí idà, kò sí òrìṣà lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ kan, Gouken, ló kọ́ ọ. Ọgbọ́n mẹ́ta péré ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí: Hadoken tó ń jù láti òkèèrè, Shoryuken tó fi ń gba ẹni tó bá fò, àti ìpá tó fi ń yí bí òkòtó. Mẹ́ta péré! Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe so mọ́ra. Ó ju Hadoken. Bí o bá dúró dí i, ó tún ju òmíràn. Ó sú ọ, o fò. Ibi tí ó fẹ́ kí o fò sí gan-an nìyẹn, Shoryuken sì ti ń dúró dè ọ́ lókè. Ẹni tó ń ta ayò mọ irú èyí: kì í ṣe ọmọ ayò tó wà lọ́wọ́ nìkan ló ń kà, ó ń ka èyí tí ẹnìkejì yóò gbé. Bí Ryu bá ṣi èrò, tó ta Shoryuken nígbà tí ẹnìkejì kò fò, yóò jábọ́ láìní ààbò, yóò sì jẹ ìyà rẹ̀ kíkún. Kò sí ẹ̀bùn tó máa gbà á.

Ìbéèrè ẹ̀kẹta wá ńkọ́? Agbára kan wà nínú Ryu tí wọ́n ń pè ní Satsui no Hado, ìfẹ́ láti pa ẹni tí a ń bá jà. Bí ó bá gbà á láàyè, agbára rẹ̀ yóò di ìlọ́po. Ó sì kọ̀ ọ́. Látìgbà dé ìgbà nínú ìtàn rẹ̀, ohun tó ń bá jà jù lọ ni agbára tí Kratos fi ẹ̀mí rẹ̀ rà. Ẹ fi àwọn méjèèjì wé ara wọn: ọ̀kan bẹ̀bẹ̀ fún agbára tí kò kọ́, èkejì kọ agbára tí kò kọ́. Ta ló mọ ìjà nínú wọn?

Àwọn ọmọkùnrin kan sọ fún mi pé obìnrin kì í dá ẹjọ́ báyìí. Mo fi Chun-Li dá wọn lóhùn, nínú géèmù kan náà. Bí ó bá pàdé Zangief, òmìrán oníjàkadì láti Rọ́ṣíà, tí ó sì jẹ́ kó sún mọ́ òun, Zangief yóò gbé e lókè, yóò sì fi orí rẹ̀ gúnlẹ̀. Nítorí náà kì í jẹ́ kó sún mọ́ òun. Yóò ta ìpá, yóò sún sẹ́yìn. Yóò tún ta ìpá, yóò fò lọ. Títí agbára Zangief yóò fi pin, ọwọ́ rẹ̀ lè má tó o. Ìjàpá ilẹ̀ wa kò ga tó Erin, òun náà ló sì fi ọgbọ́n mú Erin wọ ìlú.

Mo tún fẹ́ jà fún Eddy Gordo inú Tekken 3, tó jáde ní 1997. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń pè é ní akọni àwọn tí kò mọ géèmù, torí pé ẹni tó bá ń tẹ bọ́tìnì bó ṣe wù ú lè fi í borí. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ̀bi, ìlù ni tàbí ẹni tó ń lù ú ṣákálá? Ìjà tí Eddy ń jà, capoeira, kì í ṣe àròsọ. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ló bí i. Ó gbilẹ̀ gan-an ní Salvador ní Bahia, ìlú tí àṣà àwọn baba wa Yorùbá náà ṣì ń gbé títí dòní. Ó jọ ijó, ó ní ìlù àti orin, ìjà sì ni. Òfin Brazil ti 1890 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí rẹ̀ fi ènìyàn sẹ́wọ̀n. Kò kú. Ní 1932, Mestre Bimba ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Salvador, nígbà tó sì di 2014, UNESCO kà á mọ́ àwọn àṣà tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Nínú ìtàn géèmù náà, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Eddy ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan. Bí wọ́n bá ju ẹ̀ṣẹ́ sí orí rẹ̀, orí ti wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ló wà lókè. Ẹni tí kò ní agbára, tí kò ní ohun ìjà, tí wọ́n ń ṣọ́, ló dá irú ìjà yìí sílẹ̀. Bí èyí kò bá jẹ́ ìmọ̀, kí ni ìmọ̀?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò dìde báyìí pé, "Akọni kò mọ nǹkan kan. Ẹni tó di páàdì mú ló mọ̀ ọ́n." Ó tọ́, kò sì ba ẹjọ́ mi jẹ́. Ní ìdíje Evo ti 2004 ní Amẹ́ríkà, Daigo Umehara ti Japan fi Ken, ọ̀rẹ́ Ryu tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, pàdé Chun-Li lọ́wọ́ Justin Wong ọmọ Amẹ́ríkà nínú Street Fighter III. Ẹ̀jẹ̀ Ken ti tán, ó ku bí irun. Bí ó bá tilẹ̀ dí ìpá Chun-Li lásán, ìwọ̀nba tó kù yóò lọ. Chun-Li tú ìpá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé e lórí. Dípò kí Daigo sá sẹ́yìn, iwájú ló ń ti ọ̀pá ìdarí sí, ní àkókò gan-an tí ìpá kọ̀ọ̀kan ń kàn án, ó gba gbogbo wọn dànù, ó sì kọjú padà, ó borí. Agbára wo ló ní? Kò sí. Ní 2019 bákan náà, Arslan Ash, ọmọ ìlú Lahore ní Pakistan, orílẹ̀-èdè tí àwọn tó mọ Tekken kò kà sí nígbà náà, gba ife ẹ̀yẹ Evo ní Japan, ó sì tún gba ti Amẹ́ríkà lọ́dún kan náà.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ ènìyàn ni ìmọ̀ náà wà. Ṣùgbọ́n akọni kan lè jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ fún ọwọ́ náà, òmíràn sì lè jẹ́ aṣọ tó ń bo àìmọ̀ rẹ̀. Ken àti Ryu ń béèrè pé kí o ronú. Kratos àtijọ́ ń béèrè pé kí o máa tẹ̀ ṣáá.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí. Ẹ máa ń sọ pé ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Ẹ tún máa ń sọ pé géèmù ń gba àkókò ìwé, n kò sì lè jiyàn, torí pé máàkì méjìdínlógójì ni mo gbà nínú Ìṣirò ní sáà àkọ́kọ́, màmá mi sì gbé páàdì sórí kọ́bọ́ọ̀dù títí sáà fi parí. Wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa àlọ́ Ìjàpá fún wa, ẹ kì í parí rẹ̀ láìbéèrè pé, "Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa?" Kí ló dé tí ẹ kì í béèrè bẹ́ẹ̀ nípa géèmù? Wákàtí mélòó la fi gbá a nìkan lẹ máa ń bi wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún bi wá pé, "Ta lo fẹ́ràn níbẹ̀, kí sì ni o rí lára rẹ̀?" Ìdáhùn wa yóò sọ fún yín irú ènìyàn tí a fẹ́ dà, kí ó tó pẹ́ jù.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ryu ni èkíní, Chun-Li ni èkejì, Eddy ni ẹ̀kẹta. Kratos àgbàlagbà ti 2018 ni ẹ̀kẹrin, nítorí ẹni tó mọ àṣìṣe rẹ̀ kò sí lára àwọn òmùgọ̀. Scorpion tẹ̀lé e. Kratos ti 2005, ọba gbogbo yín, ló kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá gbà, kó kọ tirẹ̀, kó má gbá ẹnikẹ́ni létí.

Nígbà tí sáà yẹn ń parí lọ, mo wá ọmọ JSS1 náà lọ sí kíláàsì wọn. Mo ní kó má bínú pé mo wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, kò sí wàhálà. Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún wọn pé òótọ́ ni mo sọ."

Mo ti sọ ọ́ báyìí, nínú ìwé tí gbogbo kíláàsì wa yóò kà. Òótọ́ lo sọ, àbúrò mi. Ryu mọ ìjà ju Kratos lọ.